Béèsì Ilé Adelé Ọ̀gá

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kò kan ìjàpá, kò sì kan ọba ayé àtijọ́. Ó dá lórí ọkùnrin kan tó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Àgùdà lọ́dún tí owó Údójì jáde, ọkùnrin tó gbà pé nígbà tí Elédùmarè ń pín ọlá, òun nìkan ló tètè dé ibẹ̀. Ẹni tó bá mọ irú rẹ̀ ládùúgbò tirẹ̀, kó rọra rẹ́rìn-ín. Wọn kì í jìnnà.

Theophilus Oyèníran ni orúkọ rẹ̀. Òun ni Adelé Ọ̀gá ní Ẹ̀ka Amójútó Ariwo, ẹ̀ka kékeré kan ní Yábàá tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó máa sọ fún àwọn onírẹ́kọ́ọ̀dù kí wọ́n dín ohùn ẹ̀rọ wọn kù, kí aráàlú lè sinmi. Òṣìṣẹ́ mẹ́fà péré ló wà lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ń wọlé láàárọ̀, ẹ ó rò pé ọmọ ogun ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ló fẹ́ yẹ̀ wò. Aago mẹ́jọ ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́wàá ni ìkíni ń parí. Àwọn ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì, àwọn obìnrin á kúnlẹ̀, Kọ́lápọ̀ tó jẹ́ kíláàkì àgbà á wá gbé ohùn sókè bí ẹni tó ń polówó ọjà:

“Ẹ káàárọ̀, sà! A-pa-ariwo-lẹ́nu-mọ́! Ọ̀gá tó wúkọ́ ní Yábàá, tí wọ́n pa ẹ̀rọ ní Mushin! Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló bí yín, sà, ẹrú yín ni ariwo!”

Oyèníran á mi orí díẹ̀díẹ̀. “Tún un sọ, Kọ́lápọ̀. Ó dà bí ẹni pé Lucy ò gbọ́ ìparí rẹ̀ dáadáa.”

Lucy tó ń tẹ̀wé fún wọn ti ń gbọ́ ọ láti ọdún mẹ́ta. Á kàn gbé ara kúrò lórí orúnkún kan sórí èkejì, á tún un gbọ́.

Òfin kan wà lára ògiri ọ́fíìsì náà tí Oyèníran fi yíǹkì pupa fọwọ́ sí: ORÍ ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ GA JU ORÍ Ọ̀GÁ LỌ NÍBIKÍBI TÍ Ọ̀GÁ BÁ WÀ. Òfin náà ì bá má nira tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ Ọ̀gá kò ga. Bó bá dúró, àwọn tó ga jù ú lọ á tẹ̀ba. Bó bá jókòó, gbogbo wọn á kúnlẹ̀. Lọ́jọ́ tí bírò rẹ̀ já bọ́, tó sì bẹ̀rẹ̀ mú un, àwọn òṣìṣẹ́ ṣubú lulẹ̀ gbìì débi pé obìnrin kan tó wá gbàwé àṣẹ rò pé ilé ń wó, ó sì sá jáde láì mú bàtà.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dun ọkùnrin yìí: ọ̀rọ̀ adelé tó wà níwájú oyè rẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ló ti ń ṣe adelé. Bí ẹnikẹ́ni bá pè é bẹ́ẹ̀ lójú ayé, oúnjẹ ọjọ́ náà kò ní lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Ó ń gbààwẹ̀ lé e lórí, ó sì ti ṣèlérí àga tuntun mẹ́ta fún ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ bí Olúwa bá lè bá òun pa ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí rẹ́.

Nígbà tó di ọjọ́ Mọ́ńdè kan, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ Ìyáàfin Gertrude Adéfúnmiláyọ̀, Akọ̀wé Àgbà ilé iṣẹ́ ìjọba tó ni ẹ̀ka náà. Ó ní ní Sátidé, láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, òun ń bọ̀ wá kí Oyèníran nílé, gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn. Wọn kì í fi ẹnikẹ́ni jọ̀gá láìkọ́kọ́ wò ó bóyá òfin tó ń gbé lé ará òde lọ́rùn ń ṣiṣẹ́ nínú ilé tirẹ̀ náà. Bí ilé náà bá tẹ́ òun lọ́rùn, adelé á kúrò. Bí kò bá tẹ́ òun lọ́rùn, wọ́n á wá iṣẹ́ mìíràn fún un.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọmọ ọdún méje mọ ohun tó yẹ kí olórí Ẹ̀ka Amójútó Ariwo ṣe lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Kó pa ẹ̀rọ, kó bu ohun mímu tútù fún àlejò, kó jẹ́ kí ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ṣùgbọ́n Oyèníran ti gbọ́ pé Ìyáàfin Adéfúnmiláyọ̀ ló ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó sì ti pinnu pé béèsì, ohùn ìsàlẹ̀ orin tó máa ń mi ilẹ̀, ni òun máa fi gbà á lálejò.

“Bàbá Mobọ́lájí,” ni Edith ìyàwó rẹ̀ wí. Tíṣà ni Edith, kì í sì í ṣe ẹlẹ́nu méjì. “Ṣé kì í ṣe ariwo náà ni béèsì ni?”

“Edith, Edith.” Oyèníran na ìka sókè bí ẹni tó wà lórí àga ìwàásù. “Ariwo ni ohun tí mẹ̀kúnnù ń pa. Béèsì ni ohun tí ọlọ́lá ń gbọ́. Àyà ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ, kì í ṣe etí. Ẹni tí kò bá ní ipò, ibo ló ti fẹ́ rí àyà tó máa fi gbọ́ ọ?”

Ilé Túbọ̀sún ni àìsàn béèsì yìí ti ràn án. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni Túbọ̀sún náà, òpópónà kejì ló ń gbé, nígbà tí ìjọba sì san owó Údójì, àfikún owó oṣù tó dé lẹ́ẹ̀kan náà bí òjò, sítẹ́ríò ló fi tirẹ̀ rà, bí ìdajì àwọn ará Surulere ṣe rà á. Ó pe Oyèníran wá wò ó. Ó fi àwo jùjú kan sí i. Béèsì náà gba orí ilẹ̀ wá, ó gba inú bàtà Oyèníran gòkè, ó dé ikùn rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu ibẹ̀ jẹ́jẹ́. Àwọn ife inú kọ́bọ́ọ̀dù ń dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Oyèníran jókòó síbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, inú sì ń bí i débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló ra tirẹ̀, èyí tó tóbi ju ti Túbọ̀sún lọ ní ìlọ́po méjì.

Àárín gbùngbùn pálọ̀ ló gbé e sí. Ó gbé tábìlì kékeré síbẹ̀, ó tẹ́ aṣọ léèsì lé e, ó gbé sípíkà méjèèjì gun orí rẹ̀, ó sì ní kẹ́nikẹ́ni má fara kàn án.

“Ẹ ò ṣe gbé e sí ẹ̀bá ògiri?” ni Edith bi í. “Gbogbo wa ló ń kọ lù ú.”

“Ẹ̀bá ògiri kẹ̀! Ṣé ẹ̀bá ògiri ni wọ́n ń fi ẹni ńlá sí? Ibi tí ọlọ́lá wà, àárín ni. Kọ̀rọ̀ wà fún ìgbálẹ̀.”

Ó fi àwo sí i. Ohùn tó jáde tín-ín-rín bí ẹ̀fọn tó há sínú ìgò. Ó fi kún un. Ẹ̀fọn náà kàn bínú sí i ni. Ó ránṣẹ́ pe àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ láti wá gbọ́, wọ́n sì wá kúnlẹ̀ yí tábìlì ká. Kọ́lápọ̀ di ikùn mú.

“Yéè, sà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín in kù! Ìfun mi ti fẹ́ dìde!”

Ọ̀kan ní eyín òun ń mì. Òmíràn ní òun rò pé rélùwéè ló ń kọjá. Lucy ní òun náà gbọ́ nǹkan, kò sì sọ ohun tí ó jẹ́. Inú Oyèníran dùn fún ìṣẹ́jú méjì. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ lé ikùn ara rẹ̀, kò sì rí nǹkan kan níbẹ̀ bí kò ṣe iṣu àárọ̀.

“Edith, ìwọ ńkọ́?”

“Mi ò gbọ́ nǹkan kan,” ni Edith wí, ó sì padà sídìí ìwé àwọn ọmọ tó ń máàkì.

Oyèníran wá pinnu pé sípíkà rẹ̀ ni kò tóbi tó. Ó sì mọ ibi tí èyí tó tóbi wà.

Ní Sábó, obìnrin Ìjẹ̀bú kan wà tó ń jẹ́ Saidat, tó ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù. Àpótí sípíkà kan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó ga dé ìbàdí èèyàn. Bàbá rẹ̀, tó ń tún rédíò ṣe létí ibùdókọ̀ rélùwéè ní Ìdó nígbà ayé rẹ̀, ló fi pákó ìrókò kàn án, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ihò rẹ̀, tó sì kùn ún ní búlúù kó tó kú. Ohùn àpótí náà kì í pariwo, àmọ́ bí èèyàn bá ń kọjá lódì kejì títì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yà sí ṣọ́ọ̀bù Saidat kó tó mọ̀. Òun ló ń bọ́ Saidat àti ọmọ rẹ̀ méjì.

Ní Túsìdeè, Kọ́lápọ̀ àti ọkùnrin mẹ́ta dé pẹ̀lú ìwé ẹ̀sùn tí Lucy tẹ̀.

“Mo níwèé àṣẹ o,” ni Saidat wí, ó sì mú un jáde.

Kọ́lápọ̀ wò ó síwá sẹ́yìn. “Ìwé àṣẹ ohùn nìyí, Àǹtí. Ti béèsì yàtọ̀.”

“Látìgbà wo?”

“Láti àárọ̀ yìí.”

Wọ́n gbé àpótí náà lọ. Ní ọjọ́ kejì, àwọn èrò ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Saidat bí wọ́n ṣe ń kọjá níwájú òpó iná. Rẹ́kọ́ọ̀dù kan kò kúrò nílẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó jókòó síbi tí àpótí bàbá rẹ̀ máa ń wà, ó sì sunkún, nítorí ó ń ṣe é bí ẹni pé wọ́n tún gbé bàbá náà jáde nínú ilé lẹ́ẹ̀kejì.

Ibi ìpamọ́ ìjọba kọ́ ni àpótí lọ. Pálọ̀ Àgùdà ló lọ. Oyèníran tú wáyà lára sípíkà tirẹ̀, ó fi ti Saidat rọ́pò, ó gbé e gun orí tábìlì léèsì láàárín gbùngbùn, ó jókòó sórí àga ńlá rẹ̀, ó sì dijú. Ẹ̀fọn kan náà ló jáde, àfi bí ẹni pé ó ti dàgbà díẹ̀.

Ẹ bá mi wo ìyà. Ọkùnrin yìí ní sítẹ́ríò tó ju ti gbogbo òpópónà lọ, ó ní àpótí tó ju ti gbogbo Sábó lọ, ó ní òṣìṣẹ́ mẹ́fà tó ń búra pé ìfun àwọn ti fẹ́ já, kò sì ní béèsì. Sátidé ku ọjọ́ mẹ́ta.

Ní Fúráìdeè, Saidat wá sí ọ́fíìsì fún ìgbà kẹta. Ó kúnlẹ̀ bí òfin ṣe wí.

“Sà, ẹ dákun, àpótí mi.”

“Àpótí rẹ wà ní ibi ìpamọ́ ìjọba.” Oyèníran wúkọ́. “Ìjọba ń tọ́jú rẹ̀ gidigidi. Ìjọba tẹ́ aṣọ sábẹ́ rẹ̀.”

Saidat gbójú sókè díẹ̀. “Aṣọ kẹ̀, sà? Irú aṣọ wo?”

“Léèsì.” Ọ̀rọ̀ ti jáde kó tó rántí pa ẹnu dé. Ó wo fèrèsé títí. “Jẹ́ kí n bi ọ́ ní ìbéèrè kan. Kì í ṣe nítorí mi o. Ká ní ọ̀gbẹ́ni pàtàkì kan ní irú àpótí bẹ́ẹ̀, kí béèsì rẹ̀ wá kọ̀ láti jáde. Kí ló lè fà á?”

Ìjẹ̀bú ni Saidat. Ó ti lóye ọ̀rọ̀ náà látòkè délẹ̀, kò sì jẹ́ kí ojú òun sọ ọ́.

“Mo lè bá ọ̀gbẹ́ni náà wá a rí, sà. Bí mo bá rí i, ṣé màá gba àpótí mi?”

“Bí béèsì bá dún, kí àlejò mi tó dé láago mẹ́rin ọ̀la, o ó gbà á lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mo fi oyè mi búra.”

Kò sọ pé oyè adelé ni.

Nígbà tó fi máa di aago méjì Sátidé, gbogbo òṣìṣẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti wà ní Àgùdà. Oyèníran ló ní kí wọ́n wá, kí Akọ̀wé Àgbà lè rí bí wọ́n ṣe ń bu ọlá fún un. Edith wà ní kíṣìnnì, ó ń dín mọ́ín-mọ́ín àná. Saidat wọlé, ó rí àpótí bàbá rẹ̀ lórí tábìlì bí ọmọ tuntun lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ó sì fi etí ìborùn bo ẹnu nítorí ẹ̀rín.

“Sà, ẹ má bínú. Ta ló gbé e síbẹ̀?”

“Èmi ni. Àyè ọlá ni.”

“Ibẹ̀ náà ni béèsì ti ń kú, sà. Ohùn tín-ín-rín ló ń fò lófuurufú. Béèsì, ilẹ̀ ló ń bá rìn, ògiri ló sì ń fẹ̀yìn tì. Bàbá mi máa ń sọ pé inú kọ̀rọ̀ ló ti ń lágbára. Àmọ́ kọ̀rọ̀ kan ju òmíràn lọ nínú ilé kọ̀ọ̀kan, èèyàn sì gbọ́dọ̀ wá a.”

“Báwo ni wọ́n ṣe ń wá a?”

“A ó gbé àpótí sórí àga tí ẹ máa ń jókòó sí. A ó fi orin sí i. Ẹ ó wá rákòrò yí pálọ̀ ká, kí etí yín súnmọ́ ilẹ̀. Ibi tí béèsì bá ti gbá yín láyà, ibẹ̀ ni a ó gbé àpótí sí. Bí ẹ bá wá padà jókòó sórí àga, bí ẹ ṣe gbọ́ ọ ní kọ̀rọ̀ yẹn lẹ ó ṣe gbọ́ ọ.”

Rákòrò. Oyèníran! Ẹni tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún látàárọ̀ títí di aago mẹ́wàá!

“Kọ́lápọ̀!” ló pè. “Lọ bá mi rákòrò. Kí o sì jábọ̀.”

Kọ́lápọ̀ kò jẹ́ kó pè é lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n gbé àpótí sórí àga ńlá, Saidat fi àwo sí i, Kọ́lápọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rá. Ó dé kọ̀rọ̀ àkọ́kọ́: “Ó dára gan-an, sà!” Ó dé ìkejì: “Ó dára gan-an, sà!” Ó rá wọ abẹ́ tábìlì oúnjẹ: “Èyí tilẹ̀ tún dára jù, sà!” Ó rá jáde kúrò ní pálọ̀, ó rá dé ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ níbi tí orin kò dé rárá, wọ́n sì gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ọ̀hún: “Ọlá yín ti dé ibí náà, sà!”

Oyèníran rán ìkejì, ó rán ìkẹta. Kò sí ibì kan nínú ilé náà tí kò dára gan-an. Aago mẹ́ta ààbọ̀ lù.

“Sà,” ni Saidat wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, “etí tó fẹ́ gbádùn rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wá a. Ti àwọn wọ̀nyí, ẹ̀yin lẹ ti kọ́ ọ ní ohun tó máa gbọ́.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́ta, Oyèníran fẹ́ kí ẹnì kan sọ fún òun pé nǹkan kan kò dára, kò sì rí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ó bọ́ agbádá. Ó bọ́ fìlà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fi orúnkún kan kanlẹ̀, ó fi èkejì tẹ̀ lé e, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé kápẹ́ẹ̀tì.

Ẹ rántí òfin yíǹkì pupa. Bí orí Ọ̀gá ṣe lọ sílẹ̀, ẹ̀rù ba àwọn òṣìṣẹ́. Kíkúnlẹ̀ kò tó mọ́. Gbogbo wọn na gbalaja, wọ́n fi imú kan ilẹ̀, Lucy pẹ̀lú gèlè rẹ̀. Saidat nìkan ló kù lórí ìdúró nídìí ẹ̀rọ.

“Ìwọ!” ni Oyèníran ké láti ilẹ̀. “Orí rẹ!”

“Sà, bí mo bá dọ̀bálẹ̀, ta ni yóò máa mójú tó àwo?”

Oyèníran rò ó. “Mo yọ̀ǹda. Lucy, kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo yọ̀ǹda.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà,” ni Lucy wí sínú kápẹ́ẹ̀tì.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rá. Kọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé: kò sí nǹkan kan. Kọ̀rọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù: ó kàn fẹ́ẹ́rẹ́. Ó ń làágùn, ṣòkòtò rẹ̀ ń fà, ó ń gba àárín àwọn òṣìṣẹ́ kọjá bí ẹni tó ń rin àárín ebè. Nígbà tó yá, ó dé kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, níbi tí wọ́n ń kó bàtà àti ìgbálẹ̀ sí. Ó tẹ orí ba.

Béèsì gbá a láyà. Kò pariwo, kò kánjú. Ó kàn wọlé sínú ara rẹ̀ bí ẹni tó mọ ilé. Eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ń dún. Ìgbálẹ̀ ń gbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀. Mo fẹ́ sọ òtítọ́ fún yín, bí mo tilẹ̀ ń fi ọkùnrin yìí ṣe yẹ̀yẹ́: inú rẹ̀ dùn lódodo. Ó gbàgbé Túbọ̀sún, ó gbàgbé adelé, ó gbàgbé aago.

“Mo gbọ́ ọ!” ló ké. “Saidat, mo gbọ́ ọ! Fi kún un! Fi kún un dáadáa!”

Saidat fi kún un. Ayálégbé ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọmọ odó gún àjà. Aago mẹ́rin lù, kò sẹ́ni tó gbọ́. Wọ́n kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ẹni tó ń kànkùn wá ti ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, ilẹ̀kùn náà gbá Oyèníran nídìí, ó sì fi àyà na ilẹ̀.

Ìyáàfin Adéfúnmiláyọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò rẹ̀ lápá. Obìnrin tí wọ́n kọ́ nílé ni. Ó rí àgbàlagbà mẹ́fà tó na gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó tún rí ọ̀kan lẹ́bàá bàtà òun, ó rí obìnrin kan ṣoṣo tó dúró láàárín wọn, ọwọ́ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ. Kí lẹ fẹ́ kó rò? Ilé Yorùbá ni. Ẹni tí gbogbo ilé dọ̀bálẹ̀ fún ni ó ni ilé. Ó yáa fi orúnkún kan kanlẹ̀ díẹ̀ fún Saidat.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Mà. Ẹ forí jì mí, mi ò mọ̀ pé ẹ ń gba ìkíni lọ́wọ́. Ọ̀gbẹ́ni Oyèníran kan ni wọ́n júwe mi sí.”

Saidat pa ẹ̀rọ. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó bọ́ sílẹ̀ tóbi ju èyí tí Ẹ̀ka Amójútó Ariwo ti ṣe láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀.

“Mà, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Èmi kọ́ ni mo nilé. Àpótí mi ni mo wá gbà.”

“Àpótí wo?”

“Èyí tó wà lórí àga yìí, Mà. Wọ́n ní béèsì rẹ̀ kò níwèé àṣẹ.” Ó tú etí ìró rẹ̀, ó sì mú ìwé ẹ̀sùn jáde.

Ìyáàfin Adéfúnmiláyọ̀ kà á. Ó yọ awò ojú, ó nù ún, ó tún un kà.

“Ọ̀gbẹ́ni Oyèníran dà?”

“Ẹ̀bá bàtà yín ni, Mà.”

Ohùn dún láti ilẹ̀. “Ẹ káàbọ̀, Ọlọ́lá jùlọ, Akọ̀wé Àgbà, ìyá gbogbo òṣìṣẹ́! Ohun tí ẹ bá wa lẹ́nu rẹ̀ yìí jẹ́ àyẹ̀wò ìjọba. Mo ní kí n fi ara mi, àní ara èmi gan-an, wá ibi tí ariwo ń fara pamọ́ sí, kí aráàlú lè…”

“Ìwọ tó wà lọ́hùn-ún.” Ìyáàfin Adéfúnmiláyọ̀ nàka sí Kọ́lápọ̀. “Ṣé òfin kan wà nípa ìwé àṣẹ béèsì?”

Èyí ni ìgbà tó le jù nínú ayé Kọ́lápọ̀. Ó wo Oyèníran, ó wo Akọ̀wé Àgbà, ó wọn ẹni tó ju ẹnì kejì lọ. Lẹ́yìn náà, láì gbé àyà kúrò nílẹ̀, ó yí gbogbo ara rẹ̀ padà bí ọwọ́ aago títí imú rẹ̀ fi kọjú sí bàtà Akọ̀wé Àgbà.

“Kò sí, Mà! Kò sí irú rẹ̀ rí! Mo ti ń sọ ọ́ nínú ọkàn mi, Mà! Obìnrin tó tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí àwọn áńgẹ́lì dákẹ́! Òtítọ́ ló bí yín…”

“Ẹ dìde nílẹ̀.”

“Mi ò lè dìde, Mà. Orí mi á ga ju ti Ọ̀gá lọ.”

Ìyáàfin Adéfúnmiláyọ̀ wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí wọ́n ṣàlàyé, Lucy ló sì ṣàlàyé, látorí òfin yíǹkì pupa títí dórí ìwé tí òun fi ọwọ́ ara òun tẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan yìí, ó sọ ohun tí nǹkan kọ̀ọ̀kan jẹ́.

“Gbogbo yín, ẹ dìde,” ni Akọ̀wé Àgbà wí.

Wọ́n dìde. Orúnkún ń ró, wọ́n ń gbọn aṣọ. Oyèníran nìkan ni kò tíì lè gbéra nílẹ̀, ìdí ń dùn ún. Ó gbójú sókè, ó sì rí orí mẹ́jọ lókè tirẹ̀, gbogbo wọn ń wò ó. Edith náà wá jáde láti kíṣìnnì, abọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Bàbá Mobọ́lájí,” ló wí, “mo sọ fún yín pé kí ẹ gbé e sí ẹ̀bá ògiri.” Ṣùgbọ́n ó gbé abọ́ kalẹ̀, ó sì fún un lọ́wọ́ láti dìde.

Lẹ́tà dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Wọ́n ti mú adelé kúrò, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń gbàdúrà, wọ́n sì mú ọ̀gá tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ tuntun rẹ̀ wà ní ibi ìpamọ́ ìjọba ní Ìdó, níbi tí ohun tí ẹ̀ka rẹ̀ ti fi ọdún mẹ́ta gbà lọ́wọ́ aráàlú ti kún dé àjà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi dá wọn padà, láti ilé dé ilé, yóò sì rí i pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dún bó ṣe ń dún tẹ́lẹ̀ kó tó kúrò níbẹ̀. Ti Saidat ni àkọ́kọ́.

Ọmọlánke ló fi gbé àpótí náà dé Sábó. Òun àti ọlọ́mọlánke ni wọ́n jọ gbé e wọlé, ó sì gbé e síbi tí Saidat nàka sí. Saidat nu àpótí náà látòkè délẹ̀ kó tó bá Oyèníran sọ̀rọ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá mi sọdá sí òdì kejì títì. Ẹ sọ fún mi bó bá dé ọ̀hún.”

Oyèníran sọdá. Ó dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan. Saidat fi àwo sí i, ó yọrí sóde.

“Ó dé ibẹ̀?”

Ó ti ya ẹnu láti sọ pé ó dára gan-an. Ó pa á dé. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ lórí ikùn.

“Kò dé!” ló ké. “Tì í sí kọ̀rọ̀ sí i! Ó tún ku díẹ̀!”

Saidat lọ tì í. Ilẹ̀ títì bẹ̀rẹ̀ sí í mì jẹ́jẹ́ lábẹ́ bàtà Oyèníran. Obìnrin kan tó ń lọ sọ́jà dúró, ó sì yà sí ọ̀dọ̀ Saidat. Ọkùnrin méjì tẹ̀ lé e.

“Ó ti dé!” ni Oyèníran ké.

“Ẹ ṣeun o, sà!” Saidat juwọ́ sí i, ó sì yíjú sí àwọn oníbàárà rẹ̀.

Oyèníran kò tíì kúrò níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó dọ̀bálẹ̀ fún un, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, béèsì sì ń lu ikùn rẹ̀ jẹ́jẹ́. Télọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì.

“Ẹ̀gbọ́n,” ló wí, “ẹ dákun, ẹ sún díẹ̀. Ẹ dí wa lọ́nà orin.”

Oyèníran sì sún.